Ọ̀já Apá Balógun

Ọmọ mi, ọkọ mi, adé orí mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro ọ́ nítorí àtẹ̀gùn ilé yẹn ti ń fúyẹ́? Ọ̀nà tí o ń tọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò ní kọ ẹsẹ̀ rẹ, ẹni tó bá sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ kò ní kábàámọ̀ pé òun ṣí i, lágbára Ọlọ́run. Bàbá rẹ kí ọ. Ó wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò sùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ló ti ń hanrun.

Ilé wà dáadáa. Òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò ti fi wá lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Adìẹ funfun ń sàba nínú àpótí irinṣẹ́ tí mo fi ń tún òṣùwọ̀n ṣe, n kò sì ní ọkàn láti lé e, nítorí náà ìwọ̀nba irinṣẹ́ tó wà níta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn ará báńkì náà ń ṣe dáadáa. Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé, wọ́n sì kọ̀wé sórí fóònù mi, wọ́n pè mí ní oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Àwọn tí kò jẹun lọ́dọ̀ mi rí. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wò mí títí, ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, kó sì sọ fún un pé owó ti dé ọwọ́ mi, kó má baà máa ṣàníyàn. Ó ní òun yóò jíṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Aránṣọ ilé kejì ló bá mi ṣí i, mo sì ti ní kó dúró kí n wẹ̀, kí n wé gèlè, torí n kò mọ ibi tí o máa ti rí mi. Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo dá ọ lóhùn, mo ní káàbọ̀ ọkọ mi, o kò dúró. Mo bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, ò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Inú bí mi díẹ̀, mo sọ fún aránṣọ pé ìlú ńlá ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti àná lo ti sọ ọ̀rọ̀ náà, pé ohùn lásán ló wà níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo ní bí kò bá sí nínú rẹ̀, ta ló ń sunkún nígbà náà? Aránṣọ tún fóònù tẹ̀. A tún ohùn náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n ka ohun tí mo gbọ́ padà fún ọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn, pé kí n tó ṣí òṣùwọ̀n oníbàárà, kí n kọ́kọ́ sọ àléébù tó ní òṣùwọ̀n náà ní padà sí etí ara rẹ̀. O ní ìwọ àti ìyá alágbàfọ̀, ìyá àgbàlagbà tó ń fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù yín, ẹ wà nínú yàrá ìfọṣọ. Ìwọ ń to bàtà, òun ń lọ aṣọ. Balógun ikọ̀ wọlé, ó ní ìbọ̀sẹ̀ kan tí òun máa ń wọ̀ nígbà tí òun bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun ríre ti súnkì nínú omi gbígbóná. Ìyá ní kó má bínú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ìyá sì ṣubú lu ẹ̀rọ ìfọṣọ, eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá. Ìwọ lo gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì akọ̀wé ẹgbẹ́ pè ọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún ọ ní àga, ó ní ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, pé ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀, kí o sọ fún wọn pé ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ìyá náà sì yọ̀. Tí o kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí o wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. O ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò kí ọ mọ́. O ní kí n sọ ohun tó yẹ kí o ṣe.

N óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbí lórí ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo sì fà á, nítorí náà fara balẹ̀ kí n tò ó fún ọ bó ṣe yẹ.

O mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni gbogbo wa ti ń wo bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ yín. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà lórí pẹpẹ, lókè dígí ni àwòrán Àrá wà, agbábọ́ọ̀lù yín tí gbogbo ìlú fẹ́ràn jù, tó lanu gbàgà, tó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá gbogbo wa mọ́ra. Wọ́n ti fi Àrá pe ọmọkùnrin yẹn pẹ́ débi pé n kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo máa ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni mo ń wò. Bàtà ni mo ń wò. Bí wọ́n bá ti jáde sórí pápá, mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ọmọ mi ló nu bàtà yẹn, wo bó ṣe ń dán, ọmọ mi ló so okùn rẹ̀, wo bí kò ṣe tú. Ìgbà tí Àrá gbá bọ́ọ̀lù yẹn láti àárín pápá tó wọlé, tí gbogbo èèyàn ń fò, èmi ń wo bàtà rẹ̀ bóyá ó ya. Kò ya. Mo sunkún ayọ̀. N kò gbójú sókè ju orúnkún lọ rí láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ohùn rẹ, mo pẹ́ dé, torí mo ń ṣe òṣùwọ̀n onírẹsì. Alápatà ti gba àga iwájú. O mọ bí orí alápatà ṣe tóbi tó. Orí náà bo ìdajì tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, n kò rí bàtà kankan, ó wá di dandan kí n máa wo apá. Mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn so ọ̀já mọ́ apá. Mo bi onígbàjámọ̀ léèrè ohun tí ọ̀já náà wà fún. Kò tiẹ̀ yíjú, ó ní balógun ikọ̀ ló ń so ó.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tèmi, bí mo bá yẹ òṣùwọ̀n wò tó bá pé, mo máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so òjé kékeré mọ́ ọn, n óò sì lu òǹtẹ̀ ìjọba sí òjé náà. Ẹni tó wọ ọjà kò nílò láti mọ̀ mí, òjé yẹn ni yóò wò. Èyí tó ní òjé ni òṣùwọ̀n, èyí tí kò ní jẹ́ irin lásán. Òjé kì í sì í fi ara òṣùwọ̀n kan sílẹ̀ lọ sí ara òmíràn, bí wọ́n bá tú u, ẹ̀wọ̀n ni. Ta ló máa wá sọ fún mi pé àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń tú tiwọn láàárín eré, kí wọ́n so ó mọ́ ẹlòmíràn lápá? Mo wo ọmọkùnrin tó so ó dáadáa. Adènà ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀yìn ló ń dúró sí tó ń dènà. Mo sọ fún ara mi pé, óò, balógun nìyí.

Wọ́n fìyà jẹ ẹgbẹ́ yín lọ́jọ́ náà. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè tán, Adènà bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó jù ú sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá. Kò tó o, ó tún un ṣe. Ó tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe é níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó wá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, aṣọ ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé, ẹsẹ̀ ń rọra bọ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo wa rí i yékéyéké. Mo sọ fún alápatà pé ọkàn ọmọ yìí le. Èèyàn lè bínú ju aṣọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kéèyàn máa wọ̀ ọ́ padà kó lè tún un jù, ìyẹn ti kọjá ìbínú. Nílé ni bàbá rẹ ti ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é, pé àwọn tó ni tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé e jáde léraléra.

Ìlú gbóná. Onígbàjámọ̀ ní bí Adènà bá fi lè ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀bù òun, òun máa fá orí rẹ̀ kodoro lọ́fẹ̀ẹ́, òun kò sì ní fi omi sí i. Olùkọ́, èyí tó kọ́ ọ ní ìṣirò, ní àmì ẹgbẹ́ tó wà láyà aṣọ yẹn dà bí ojú ìyá ẹni, pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè tẹ ohunkóhun. Alápatà kò ta ẹran fún ẹnikẹ́ni tó bá gbè é lẹ́yìn. Odindi ọjọ́ méjì, aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ìlú tó fẹ́ràn aṣọ tó báyìí máa fẹ́ràn ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ tán, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo gbé e lọ. Mo sọ fún wọn pé balógun, ẹni tó ju aṣọ sílẹ̀ yẹn náà, ti wọ yàrá ìfọṣọ, ó ti ìyá tó lè bí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a lọ́wọ́ nítorí ìbọ̀sẹ̀.

Ọmọ mi, ì bá wù mí kí o wà níbẹ̀. Gbogbo wọn dìde. Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ tó fi ń gẹ irun, ẹni tó wà lórí àga gan-an dìde pẹ̀lú ìdajì irun lórí. Alápatà tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, mo rò pé ó fẹ́ wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni. Ó ní, "Ilẹ̀ ọjọ́ òní kò gbọdọ̀ ṣú bá a níta. Àtìmọ́lé ló yẹ kó sùn." Olùkọ́ ní kí wọ́n fún òun ní ìwé, òun máa kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, òun máa kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ yín, òun máa kọ ọ́ sí ẹni tó bá ga jù wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ilẹ̀ tutù. Kò sí ẹni tó ní ká gbọ́ ti ẹnu Adènà. Inú mi dùn, ojú mi kún fún omi, mo ní wo irú èèyàn tí mo ń bá gbé, wo bí wọ́n ṣe ń jà fún ìyá tí wọn kò rí rí.

Olùkọ́ ti kọ̀wé dé ibi tó fẹ́ fi orúkọ sí. Ó dúró. Ó ní ṣé ìwọ gan-an lo dárúkọ Adènà? Mo ní rárá, balógun lo sọ. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, Adènà kọ́ ni balógun. Wọ́n yọ balógun kúrò lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, ó kàn bá a so ọ̀já títí eré fi parí ni."

Mo ní ta wá ni balógun?

 Gbogbo wọn kàn ń wo àwòrán Àrá lókè dígí.

Mo ti ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n pẹ́, mo mọ bí ọ̀pá òṣùwọ̀n ṣe ń lọ sílẹ̀ nígbà tí nǹkan kò tíì kúrò nínú àwo rẹ̀. N kò rí i lára èèyàn rí. Alápatà jókòó. Ó rántí épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó so ó mọ́ra. Onígbàjámọ̀ ní ṣùgbọ́n yàrá ìfọṣọ ni wọ́n wà o, àbí omi kì í wà nílẹ̀ yàrá ìfọṣọ ni, bóyá ilẹ̀ ló yọ̀ ọ́. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn fún wọn, ọmọ mi. Láti inú ara rẹ̀ ló ti mú un jáde, bí ẹni pé òun àti akọ̀wé jọ jókòó sórí àga kan náà. Olùkọ́ ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó ní ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì. Alápatà ní ẹni tí kò mọ ìbọ̀sẹ̀ fọ̀, kí ló ń ṣe nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti pé eré àṣekágbá ti sún mọ́lé, ṣé àwọn èèyàn fẹ́ ba ẹgbẹ́ jẹ́ ni. Ó sì wò mí bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ìdajì irun lórí padà jókòó, ó ní kí wọ́n bá òun gẹ ìyókù.

N kò ní parọ́ fún ọ, ọkàn tèmi náà sún díẹ̀. Mo rántí bọ́ọ̀lù àárín pápá yẹn. Mo rántí pé bàtà tirẹ̀ lo máa ń mú dán jù. Fún ìgbà díẹ̀ mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ Adènà, Adènà tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú ti mí, mo dìde, mo lọ sílé. Mo gbà pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, torí mo ti ba ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ jẹ́ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mo sì tún sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà nídìí tábìlì iṣẹ́ mi. Mo ti fọ ọwọ́, mo ti nù ún gbẹ, torí òróró ara ọwọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ irin ìwọ̀n, á sì fi kún un láìsí ẹni tó rí i. Alápatà wọlé. Ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, èyí alápá méjì, àwo bàbà. Mo ní àsìkò àyẹ̀wò rẹ̀ kò tíì tó. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kí n bá òun wò ó bóyá ó ń parọ́.

Mo gbé e kalẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é látìgbà tí o ti wà ní kékeré náà ni: mo gbé irin ìwọ̀n sí àwo ọ̀tún, mo gbé òkúta tó bá a dọ́gba sí tòsì, ọ̀pá dúró gbọọrọ. Ìyẹn kò tó. Òṣùwọ̀n tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lè dúró bẹ́ẹ̀ kó ṣì máa yan ẹni tí yóò rẹ́ jẹ. Nítorí náà n óò kó wọn jáde, n óò pààrọ̀ wọn, ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bó bá tún dúró gbọọrọ, olóòótọ́ ni. Bó bá yẹ̀, o ti mú un. Ti alápatà dúró gbọọrọ. Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe é, kó máa gbé e lọ.

Kò gbé e. Ó ń wo àwo méjèèjì. Ó wá ní, "Ìyá, ohun tí ẹ ṣe fún wa lánàá nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ àwo."

Mo ní n kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, n kò mọ̀ọ́mọ̀, orí rẹ̀ tó bo bàtà lójú mi ló fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, mo ní kó rọra, adìẹ wà níbẹ̀, ó bọ́ sórí àga. Ó ní òun ti ń wá ọkọ̀ tí òun máa wọ̀ lọ bá Adènà jà, pé ọwọ́ òun ti wà lẹ́nu owó, ká ní olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ òun ì bá ti lọ. Ó ní nígbà tí òun mọ̀ pé Àrá ni, òun wá owó náà tì nínú àpò kan náà. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó fi ń gé ẹran, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì bi mí léèrè pé ọwọ́ ìyá yẹn wo ló dá, ọ̀tún àbí òsì. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀tún, kò ní lè gbé áyọ́ọ̀nù mọ́.

Ọmọ mi, n kò mọ̀. Èmi tí mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti ra òṣùwọ̀n kí n tó tú u, n kò béèrè. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú gbogbo ariwo tí a pa fún ìyá yẹn àti èyí tí a pa lé e lórí, alápatà ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan nípa rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ. Ìwọ kò pariwo, o gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Bàbá rẹ rò pé inú mi bà jẹ́ nítorí iṣẹ́ rẹ. Ó bà jẹ́ díẹ̀, n kò ní sẹ́, mo fẹ́ràn láti máa fi bàtà yẹn yangàn. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó pé nínú yàrá kan tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ẹni tó máa tún un gbé jáde díẹ̀díẹ̀ fún ìlú, ọmọ mi wà níbẹ̀, ó sì rí i, ojú rẹ̀ kò sì yẹ̀ nígbà tó rí ẹni tó ṣe é. O fẹ́ràn Àrá ju gbogbo wa lọ. Ìwọ lo mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ o sọ balógun, o kò sọ ilẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá fún ọ ní òǹtẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn, kí o sì sọ ohun tí o rí. Má fi ẹyọ kan kún un. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá Àrá mọ bọ́ọ̀lù gbá, sọ pé ó mọ̀ ọ́n gbá, pé o kò rí irú ẹ̀ rí, torí òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ní ṣé ó ti ìyá náà, sọ pé ó tì í. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan san èkejì. Bó bá wù wọ́n kí wọ́n tún un gbọ́, tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn rí i yékéyéké, bí wọ́n ṣe ṣe ti aṣọ. Bí akọ̀wé bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí i, kí o sì máa bọ̀ nílé. Àga kejì ṣì wà nídìí tábìlì mi, ọwọ́ rẹ ṣì máa ń mọ́.

Bá mi rí Adènà. Sọ fún un pé ìyá kan tí kò mọ̀ ọ́n rí bà á jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì tọrọ gáfárà. O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kì í kíni dáadáa, ìyẹn ẹjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má ju aṣọ sílẹ̀ mọ́, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ti di ọwọ́ mọ́ra. Àrá náà, sọ fún un pé mo ṣì ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti fi ọwọ́ rẹ̀ kún un báyìí.

Onígbàjámọ̀ kò já àwòrán sílẹ̀. Ó ní ibi tí ògiri ti sán ló fi bò. Ṣùgbọ́n ó ti yí àga padà kó má baà máa kọjú sí i, dígí wá wà lẹ́yìn oníbàárà, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó jáde níbẹ̀ tí irun rẹ̀ gún. Olùkọ́ ń gba òdìkejì títì kọjá. Mo máa ń kí i, ó máa ń dáhùn. Ìwé tó ká sí mẹ́rin ṣì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo rí ṣóńṣó rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn méjì. Alápatà ní òun ń bá mi bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a máa jókòó lẹ́yìn, a kò ní sọ̀rọ̀, mo ti sọ fún un pé kó má jókòó síwájú mi. Ó ní tòun wà lọ́wọ́ òun, owó tí òun wá tì nínú àpò lọ́jọ́sí náà ni, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mi ló ń gbà wá lálejò, kò dáa. Bó bá ṣẹ́kù, fi díẹ̀ kún un kí n fi ra àga gíga fún ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kí n lè máa rí gbogbo èèyàn látòkè délẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Sọ fún ẹ̀rọ báńkì kó má dààmú kọ̀wé gígùn, mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi.

Ọlọ́run tó rí ọ nínú yàrá yẹn yóò dúró tì ọ́ nínú yàrá tó ń bọ̀. Ahọ́n rẹ kò ní wúwo. Ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ kò ní rí ẹnu rẹ. Ọmọ tí ìwọ náà máa bí yóò ṣe ọ́ bí o ṣe ṣe mí, kí o lè mọ bí oyin ṣe ń dùn lọ́kàn ìyá. Ìyá alágbàfọ̀ yóò tún fi ọwọ́ yẹn gbé ọmọ-ọmọ. Àmín o.

Èmi ni, ìyá rẹ, tó ń tún òṣùwọ̀n ṣe.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí tán kí n tó tún un já. Awakọ̀ tó máa mú un wá ti ń fọn fèrè níta, alápatà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì gbé e lọ sílé. Ó ní kí n má gbàgbé. Ọwọ́ wo ni?